Bí Ẹ Ṣe Lè Pín Àyè Fáwọn Ẹgbẹ́ Òṣèlú Nínú Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yẹ Ètò Ìṣúná Wò

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kàn sí wa nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun: "Aṣòfin mẹ́ta péré lẹgbẹ́ wa ní. Àyè mélòó ló tọ́ sí wa nínú ìgbìmọ̀ ètò ìṣúná?" Àwọn tó ń bá aṣòfin ṣiṣẹ́ ń béèrè é, àwọn oníròyìn ń béèrè é, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú tó ń ṣọ́ owó ìjọba náà ń béèrè é.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ìdáhùn: bí ìgbìmọ̀ náà ṣe tóbi tó, ọ̀nà ìṣirò tí ẹ fi pín in, àti ohun tí ìwé ìlànà ilé yín wí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń kọ orúkọ kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìṣirò, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí orúkọ bá ti ṣáájú, wọn á kàn wá ìṣirò tó máa dá orúkọ náà láre ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe tò, ẹ má fo ìkankan.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni ilé tó ní aṣòfin 26, torí iye tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Ògùn nìyẹn. Ká ní Ẹgbẹ́ Kìíní ní 16, Ẹgbẹ́ Kejì ní 7, Ẹgbẹ́ Kẹta ní 3. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún orúkọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, kí ẹ lè fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀ láìjà.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 62 ló kan ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábùjá, abala 103 ló kan ilé aṣòfin ìpínlẹ̀.
- Ìwé ìlànà ilé yín, èyí tí wọ́n ṣàtúnṣe sí gbẹ̀yìn. Ẹ má gba ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
- Àkójọ orúkọ gbogbo aṣòfin pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, tí akọ̀wé ilé fọwọ́ sí, tó sì ní déètì lórí.
- Kálẹ́ńdà ètò ìṣúná: ọjọ́ tí gómìnà tàbí ààrẹ máa gbé e wá, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jábọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: abala 62 àti 103 fún ilé láṣẹ láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, láti pinnu iye ọmọ ìgbìmọ̀, bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀ àti iye tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè wáyé. Kò sí ibi tí abala méjèèjì ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n pín àyè bí agbára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Tí ìwé ìlànà yín náà bá dákẹ́, àdéhùn tí ẹ bá ṣe ni yóò dúró. Àdéhùn ẹnu lásán kì í sì í pẹ́ nílé aṣòfin, torí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú ìgbìmọ̀ tí ẹ ń pín

Ìgbìmọ̀ méjì ló wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ọ̀kan náà.

Èkíní ni ìgbìmọ̀ ètò ìṣúná, tó ń yẹ àbádòfin ìṣúná wò kí owó tó jáde. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé gbọ́dọ̀ lè rí iṣẹ́ náà parí níbẹ̀, torí bí ìgbìmọ̀ bá há, owó oṣù òṣìṣẹ́ lè há pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì ni ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an. Òfin mẹ́nu bà á ní tààrà: abala 85 fún Àbújá, abala 125 fún ìpínlẹ̀. Láàrin 90 ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà aṣàyẹ̀wò owó bá ti gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ akápò àgbà, ó gbọ́dọ̀ fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ilé á sì gbé e fún ìgbìmọ̀ yìí. Ẹni tó ná owó kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ọwọ́ ẹgbẹ́ alátakò ló yẹ kó lágbára jù níbẹ̀.

Àbújá ní ẹ̀kẹta tó ń da àwọn èèyàn lójú rú: ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ìnáwó. Abala 62 ní kí iye tó ti ilé aṣòfin àgbà wá dọ́gba pẹ̀lú iye tó ti ilé aṣojú-ṣòfin wá. Ilé méjèèjì ló ń pín in, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Abala 59 ló sọ iṣẹ́ rẹ̀: tí ilé kan bá fọwọ́ sí àbádòfin owó, tí èkejì ò fọwọ́ sí i láàrin oṣù 2 tí ọdún ìṣúná bẹ̀rẹ̀, olórí ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ pè é jọ láàrin ọjọ́ 14. Tó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ yìí lẹ ń pín, ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò lo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ fún ìdajì tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ ó fi ka orí

Iye ẹgbẹ́ ń yí padà. Ẹnìkan lè kú, ilé ẹjọ́ lè gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹlòmíì lè fò sínú ẹgbẹ́ míì. Ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ìṣirò dúró lórí rẹ̀.

Ohun mẹ́rin tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbí:

1. Abẹnugan. Ṣé kí ẹ kà á mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀? Ní Bìrìtìkó, abẹnugan máa ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, torí náà wọn kì í kà á mọ́ ẹgbẹ́ kankan. Ti Nàìjíríà ò rí bẹ́ẹ̀. Abẹnugan ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ kà á, bí kò tiẹ̀ ní jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà.
2. Ìjókòó tó ṣófo. Ẹ má kà á fún ẹgbẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró de ẹni tó bá wọlé nínú àtúndì ìbò.
3. Ìjókòó tó wà nílé ẹjọ́. Ẹni tó ti búra, tó sì ń jókòó ni ẹ ó kà, títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ òpin rẹ̀.
4. Ẹni tó fò kúrò nínú ẹgbẹ́. Abala 68 àti 109 ní kí aṣòfin tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé pàdánù ìjókòó rẹ̀, àyàfi tí ẹgbẹ́ náà bá ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹjọ́ rẹ̀ lè pẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ṣáájú bóyá ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé ni ẹ ó kà á fún, tàbí ẹgbẹ́ tó wà nísinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan iye ọmọ ìgbìmọ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n yọ ẹgbẹ́ kékeré kúrò láìsọ̀rọ̀ burúkú kan. Iye tí ẹ bá yàn lè pinnu ẹni tó wọlé kí ìṣirò kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìbò 2023 bí ní Èkó: aṣòfin 40, APC gba 38, LP gba 2. Ká ní ilé bẹ́ẹ̀ fẹ́ dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 9 sílẹ̀. Ìpín tó tọ́ sí ẹgbẹ́ tó ní 2 jẹ́ 2 × 9 ÷ 40, ìyẹn 0.45. Kò tó ìdajì èèyàn kan, kò ní rí nǹkan kan. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 11, ìpín náà di 0.55. Nínú méjì nínú àwọn ọ̀nà ìṣirò mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀, ẹgbẹ́ náà á rí àyè 1. Àga méjì péré ló fà á.

Ìlànà tí a dábàá:

- Ẹ lo iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba: 5, 7, 9, 11. Tí ẹ bá lo 8, ẹgbẹ́ tó ní 14 nínú 26 á gba 4, àwọn yòókù á gba 4, ìbò á máa há ní gbogbo ìgbà.
- Ẹ dán iye mẹ́ta ó kéré tán wò kí ẹ tó mú ọ̀kan.
- Ẹ mú iye tó kéré jù tí gbogbo ẹgbẹ́ tó ní aṣòfin 3 sókè ti rí àyè.
- Ẹ má sọ ọ́ di gbọ̀ngàn. Tí ìdajì ilé bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ kan, kò sẹ́ni tó máa ka ìwé mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe ìṣirò

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ilé aṣòfin káàkiri ayé ń lò jù. A ó fi ilé wa tó ní 16, 7 àti 3 dán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 7 wò.

*Ọ̀nà kìíní: èérún tó tóbi jù (Hare/Niemeyer)*

Ẹ fi iye ọmọ ìgbìmọ̀ sọ iye aṣòfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye gbogbo ilé pín in.

- Ẹgbẹ́ Kìíní: 16 × 7 ÷ 26 = 4.31
- Ẹgbẹ́ Kejì: 7 × 7 ÷ 26 = 1.88
- Ẹgbẹ́ Kẹta: 3 × 7 ÷ 26 = 0.81

Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní odindi: 4, 1, 0. Àyè 5 ti lọ, ó ku 2. Ẹ wo èérún tó tẹ̀ lé odindi: 0.88 ti Ẹgbẹ́ Kejì ló tóbi jù, 0.81 ti Ẹgbẹ́ Kẹta ló tẹ̀ lé e. Àwọn ló ni àyè 2 tó kù. Èsì: 4, 2, 1.

*Ọ̀nà kejì: d'Hondt*

Ẹ fi 1, 2, 3, 4, 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pín iye aṣòfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú nọ́mbà 7 tó tóbi jù láàrin gbogbo rẹ̀.

- Ẹgbẹ́ Kìíní: 16, 8, 5.33, 4, 3.2
- Ẹgbẹ́ Kejì: 7, 3.5, 2.33
- Ẹgbẹ́ Kẹta: 3, 1.5

Àwọn 7 tó tóbi jù ni 16, 8, 7, 5.33, 4, 3.5 àti 3.2. Ẹgbẹ́ Kẹta ní 3, ó sì kù díẹ̀ kó tó 3.2. Èsì: 5, 2, 0.

*Ọ̀nà kẹta: Sainte-Laguë*

Bíi ti d'Hondt ni, àmọ́ 1, 3, 5, 7, 9, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni ẹ ó fi pín in.

- Ẹgbẹ́ Kìíní: 16, 5.33, 3.2, 2.29, 1.78
- Ẹgbẹ́ Kejì: 7, 2.33, 1.4
- Ẹgbẹ́ Kẹta: 3, 1

Àwọn 7 tó tóbi jù ni 16, 7, 5.33, 3.2, 3, 2.33 àti 2.29. Èsì: 4, 2, 1.

Ilé kan náà ni, ìgbìmọ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ọ̀nà kan yọ Ẹgbẹ́ Kẹta kúrò, méjì yòókù gbà á wọlé. D'Hondt máa ń ṣojú rere sí ẹgbẹ́ ńlá. Ilé aṣòfin Jámánì, Bundestag, lò ó títí di 1970, wọ́n bọ́ sí Hare/Niemeyer, láti 1980 ni wọ́n sì ti ń lo Sainte-Laguë. Èyí náà ni èmi á bá yín yàn fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ owó wò, torí èrò àtìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ojú pọ̀ níbẹ̀.

Wàyí o, ẹ sọ ìgbìmọ̀ náà di 9. Hare/Niemeyer fún yín ní 6, 2, 1. D'Hondt fún yín ní 6, 2, 1. Sainte-Laguë náà fún yín ní 6, 2, 1. Tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bá ara wọn mu, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bí ẹ bá rí iye tó mú irú ìbámu bẹ́ẹ̀ wá, òun ni kí ẹ mú.

Ìkìlọ̀ lórí ọ̀mì. Nígbà míì, ẹgbẹ́ méjì á ní nọ́mbà kan náà gan-an. Ká ní ilé náà jẹ́ 14, 8 àti 4, tí ìgbìmọ̀ jẹ́ 5, tí ẹ sì lo d'Hondt: àyè karùn-ún á wà láàrin 8 ÷ 2 àti 4 ÷ 1, méjèèjì jẹ́ 4. Ẹ ti kọ ohun tí ẹ ó ṣe sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ lè ṣẹ́ kèké, ẹ sì lè fún ẹgbẹ́ tí kò tíì rí àyè kankan. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ máa wá òfin lẹ́yìn tí ẹ ti rí ẹgbẹ́ tí ọ̀mì náà kàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Tí ẹgbẹ́ kan bá gba òdo

Ẹ má tíì bínú jáde. Ọ̀nà àbáyọ wà:

- Ẹ fi àga méjì kún un. Èyí ló rọrùn jù.
- Kí ẹgbẹ́ kékeré méjì kà ara wọn pọ̀. Nínú d'Hondt ti òkè yẹn, tí Ẹgbẹ́ Kejì àti Ẹgbẹ́ Kẹta bá fi 10 wọn jọ wọlé, ìpín á di 4 fún Ẹgbẹ́ Kìíní, 3 fún àwọn méjèèjì. Wọ́n á wá pín in sí 2 àti 1 láàrin ara wọn. Kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn náà kí wọ́n tó kà wọ́n pọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.
- Ẹ ka àyè gbogbo ìgbìmọ̀ ilé pọ̀. Tí ilé bá ní ìgbìmọ̀ 30 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè 7, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 210. Ìpín ẹgbẹ́ tó ní 3 nínú 26 jẹ́ 24. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ yan ibi tó fẹ́ lo 24 náà sí. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n á fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ torí kó lè gba ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná.
- Àyè alákìíyèsí. Ẹni náà á jókòó, á gba gbogbo ìwé, á béèrè ìbéèrè, kò kàn ní dìbò. Ó sàn ju òdo lọ, àmọ́ ẹ rí i pé ẹ̀tọ́ láti gba ìwé wà nínú rẹ̀. Alákìíyèsí tí kò rí ìwé kà kò rí nǹkan kan ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pinnu ẹgbẹ́ tó máa fa alága kalẹ̀

Fún ìgbìmọ̀ ètò ìṣúná, àṣà l'Ábùjá ni pé ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ló ń gbà á. Ẹ lè gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá béèrè igbákejì fún ẹgbẹ́ alátakò. Ní Jámánì, àṣà wọn ni pé ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù ló ń fa alága ìgbìmọ̀ ìṣúná kalẹ̀. Àṣà lásán ni o: ní May 2025, àwọn tí AfD, ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù níbẹ̀ nígbà náà, fà kalẹ̀ láti jẹ́ alága ìgbìmọ̀, tó fi mọ́ ti ìṣúná, kò rí ìbò tó tó. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ìbò lè dà á nù.

Fún ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú, ẹ má gba ohun tó dín sí alátakò. Ẹ lè tọ́ka sí àwọn wọ̀nyí tí wọ́n bá ń bá yín jiyàn:

- Ní Gánà, ìwé ìlànà ilé wọn ní kí alága má ṣe wá láti inú ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìjọba.
- Ní Bìrìtìkó, tí ìgbìmọ̀ yìí ti wà láti 1861, ẹgbẹ́ alátakò ló ń gbà á.
- Ní Íńdíà, alátakò ló ń jẹ́ alága rẹ̀ láti 1967.
- Nílé aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà tí wọ́n ṣí ní 2023, Bamidele Salam tó wọlé láti Ọ̀ṣun lábẹ́ PDP ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ nígbà tí APC ló pọ̀ jù.

Ẹ wo ìbò alága náà. Ṣé ó ń dìbò bíi tàwọn yòókù, àbí ìgbà tí ìbò bá dọ́gba nìkan? Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ẹgbẹ́ tó fa alága kalẹ̀ ti pàdánù ìbò kan lójoojúmọ́. Ẹ fi èyí kún ìṣirò kí ẹ tó gba ipò náà tayọ̀tayọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà náà ni orúkọ á tó dé

L'Ábùjá, ìgbìmọ̀ aṣàyàn tí olórí ilé jẹ́ alága rẹ̀ ló ń to orúkọ sínú ìgbìmọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè fún alátakò ní àyè 2, kó sì fúnra rẹ̀ mú àwọn méjì tí ohùn wọn rọ̀ jù nínú wọn. Iye á pé, àyẹ̀wò ò ní sí. Torí náà, ẹ béèrè pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú ìwé tí olórí ẹgbẹ́ náà nílé fọwọ́ sí.

Ọ̀nà míì wà tí ẹ lè dábàá. Ní Bìrìtìkó, láti 2010, gbogbo ilé ló ń fi ìbò ìkọ̀kọ̀ yan ọ̀pọ̀ alága ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ láàrin ara wọn. Ní Íńdíà, ẹni 30 ló ń wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìnáwó wò, ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yàn wọ́n lọ́nà tí ẹgbẹ́ kékeré náà fi ń rí ìpín tirẹ̀, mínísítà kankan kò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ bá fẹ́ fà kalẹ̀, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí lára rẹ̀:

- Ṣé ó máa ń ka ìwé, àbí ó máa ń dúró de àlàyé?
- Ṣé kò sí nínú ìgbìmọ̀ mẹ́rin míì tó ń jókòó lọ́jọ́ kan náà?
- Ṣé òun tàbí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ǹtírákì pẹ̀lú ìjọba?

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ má gbàgbé àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké

Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń jà fún àyè nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná, wọ́n á gbà á, wọ́n á wá rí i pé iṣẹ́ náà ti parí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí ni pé ìgbìmọ̀ ìlera, ti ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́ òde àtàwọn yòókù ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: kọmíṣánnà á wọlé pẹ̀lú akọ̀wé àgbà àti àwọn oníṣirò rẹ̀, wọ́n á pín ìwé nípọn-nípọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnìkan á ka àròpọ̀ owó sókè, wọ́n á béèrè ìbéèrè méjì, wọ́n á ní "ẹ tẹrí ba kí ẹ máa lọ." Ohun tí ìgbìmọ̀ ìṣúná gbà lẹ́yìn ìyẹn ni àbọ̀ ojú ewé díẹ̀. Tí alátakò kò bá sí nínú yàrá àkọ́kọ́ yẹn, kò lè mọ ohun tí wọn ò béèrè.

Nítorí náà:

1. Ẹ ka àwọn ìgbìmọ̀ tí ìnáwó iṣẹ́ àkànṣe wọn pọ̀ jù, kí ẹ rí i pé ẹ lẹ́nìkan nínú wọn.
2. Ẹgbẹ́ tó ní èèyàn 3 péré kò lè wà níbi gbogbo. Kó yan iléeṣẹ́ 2 tàbí 3, kó mọ̀ wọ́n tinú-tẹ̀yìn. Ó sàn ju kó máa fojú gán-án-ní gbogbo rẹ̀ lọ.
3. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá pé ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 ṣáájú ìjókòó.
4. Ẹ béèrè pé kí àbọ̀ ìgbìmọ̀ ní ojú ewé fún èrò àwọn tí kò fara mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ wo iye tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó wáyé

Kò sẹ́ni tó máa ń wo ìlà yìí, ó sì lè sọ gbogbo ìṣirò yín di asán. Tí ìgbìmọ̀ jẹ́ 9, tí wọ́n ní ẹni 3 lè ṣèpàdé, Ẹgbẹ́ Kìíní tó ní 6 lè máa pàdé láìsí ẹnikẹ́ni míì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí àbọ̀. Ẹ fi kún un pé ó kéré tán ẹnìkan láti ẹgbẹ́ míì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ dáàbò bo apá kejì náà. Alátakò lè mọ̀ọ́mọ̀ má wá láti fi dá iṣẹ́ dúró. Ẹ kọ ọ́ pé tí wọ́n bá ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé tí wọn ò sì yọjú, ìpàdé ẹlẹ́ẹ̀kẹta lè wáyé láìsí wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- *Lílo iye ìbò tí ẹgbẹ́ rí níta dípò iye aṣòfin wọn nílé.* Àyè ìgbìmọ̀ ń tẹ̀ lé iye aṣòfin.
- *Sísọ 4.31 di 4, 1.88 di 2 àti 0.81 di 1 láìwo àròpọ̀.* Lọ́tẹ̀ yìí ó bá a mu. Nígbà míì, ó máa lé tàbí kó dín. Ẹ máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.
- *Kíka alága sí òde.* Àwọn kan á ní "àyè 7 àti alága." 8 nìyẹn. Alága wà lára iye ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀.
- *Pípa ẹkùn pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́.* Ó dáa kí gbogbo ẹkùn ìpínlẹ̀ ní ẹnìkan níbẹ̀, àmọ́ ẹ parí ti ẹgbẹ́ ná, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá fi ẹkùn yan orúkọ tirẹ̀.
- *Gbígbà pé ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí ìṣúná fúnra rẹ̀.* Abala 62 àti 103 kò jẹ́ kí ilé gbé agbára yẹn fún un. Àbá ló lè mú wá.

Tí iye bá yí padà láàrin ọdún

Ẹ má máa tún ìṣirò ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fò, ìgbìmọ̀ ò ní rójú ṣiṣẹ́. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ìyípadà bá máa sún àyè kan ó kéré tán láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí ìṣúná tó wà nílẹ̀. Tí ọmọ ìgbìmọ̀ bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, àyè náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì máa fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14.

Àbá tí ẹ lè tún kọ fún ilé yín

"Pé kí ilé yìí, gẹ́gẹ́ bí agbára tí abala 103 ìwé òfin fún un:

1. dá ìgbìmọ̀ ètò ìṣúná ẹlẹ́ni 9 sílẹ̀;
2. pín àyè rẹ̀ nípa ọ̀nà Sainte-Laguë, lórí iye aṣòfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ……, ìyẹn 6, 2 àti 1;
3. jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ilé láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 5;
4. yan igbákejì alága láàrin àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù;
5. fi iye tó gbọ́dọ̀ pé sí 5, tí ẹnìkan ó kéré tán nínú wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, àyàfi lẹ́yìn ìpè méjì tí wọn kò dáhùn;
6. pàṣẹ pé kí gbogbo ìwé ìṣúná dé ọwọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 ṣáájú ìjókòó;
7. ṣẹ́ kèké ní gbangba níwájú akọ̀wé ilé tí nọ́mbà ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba."

Ẹ so ìwé ìṣirò náà mọ́ ẹ̀yìn àbá, kí gbogbo aṣòfin lè fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe kí wọ́n tó dìbò.